Ewé oníkòkò kéékèèké fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbìn ín: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Láti ìgbà tí mo ti ń fi àwòrán ohun tó wà lójú fèrèsé ilé ìdáná mi ránṣẹ́ sí ará àti ọ̀rẹ́, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé láti Peckham dé Ìbàdàn. Kí lò ń fún un jẹ? Ṣé kì í buni jẹ? Níbo lo ti rà á? Mo ti kó wọn jọ síbí. Inú fúláàtì kékeré ní gúúsù London ni mo ti ń gbìn ín, kì í ṣe inú ọgbà onígíláàsì, mo sì ti pa mẹ́ta kí èyí tó wà láàyè báyìí tó gbà fún mi. Owó ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbí. Ìmọ̀ràn tí mo sì máa ń fún gbogbo wọn ni pé kí wọ́n ra àdàpọ̀, ìyẹn ọmọ tí ẹ̀yà méjì bí.

Kí ni ewé oníkòkò gan-an?

Ìtàkùn ni. Nepenthes ni àwọn tó ń gbìn ín ń pè é káàkiri ayé. Èmi ló ń pè é ní ewé oníkòkò, torí bó ṣe rí nìyẹn. Ewé rẹ̀ gùn gbọọrọ bí ewé máńgòrò. Láti ṣóńṣó ewé ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti máa ń yọ. Ìparí okùn yẹn á wú bí hóró ìrẹsì, á máa tóbi díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ìkòkò gidi, tòun ti ètè àti ọmọrí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọmọrí ṣì dé pa bí ẹni pé wọ́n rán an. Bí ẹ bá fi iná fóònù tàn án láti ẹ̀yìn, ẹ máa rí omi nínú rẹ̀ kó tó ṣí rárá. Ewé náà ló pọn omi yẹn fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ máa jí láàárọ̀, ọmọrí ti là. Ètè rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á ká síta, á le, á sì pọ́n.

Kòkòrò ni ìkòkò yẹn ń pa jẹ. Ó ń sun omi dídùn lábẹ́ ọmọrí àti létí ètè, èèrà á sì wá lá a. Bí ètè náà bá gbẹ, èèrà á rìn lórí rẹ̀ kọjá láìsí wàhálà, á lọ pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Àmọ́ bí òjò tàbí ìrì bá mú ètè náà tutù, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ èèrà ò ní rí ohun tó máa dì mú mọ́. Ó ti já sínú omi nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, ìda kan wà lára ògiri inú ìkòkò tí kì í jẹ́ kó gun òkè padà. Omi tó já sí ń dà á bí ikùn ṣe ń da oúnjẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun èèrà. Ewé yìí ti rí i tipẹ́.

Níbo ló ti wá? Ṣé ó wà nílẹ̀ wa?

Borneo, Sumatra àti Philippines, àwọn erékùṣù ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ lé ní 150, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù wà. Àwọn díẹ̀ wà ní Sri Lanka, ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, ní orí ilẹ̀ Australia lápá òkè, ní Seychelles àti ní Madagascar. Madagascar yẹn ni òyìnbó ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀: Étienne de Flacourt, ará Faransé tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1658. Ní Malaysia, periuk kera ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìkòkò ọ̀bọ, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fọ ìkòkò náà mọ́, tí wọ́n ń fi se ìrẹsì pẹ̀lú wàrà àgbọn.

Kò sí i nílẹ̀ Yorùbá. Àmọ́ kì í ṣe pé a ò ní ewéko tó ń jẹ kòkòrò rárá. Nínú igbó Sierra Leone, Liberia àti Côte d'Ivoire, ìtàkùn kan wà tó ń jẹ́ Triphyophyllum peltatum, tó jẹ́ pé apá kan ìgbésí ayé rẹ̀ nìkan ló fi ń jẹ kòkòrò. Bó bá dàgbà tán, á jáwọ́. Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, Utricularia wà nínú àbàtà, ewéko kékeré tó ní àpò wínníwínní nínú omi. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá kí ẹ má mọ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ń ní ká ra èyí tó jẹ́ àdàpọ̀? Ojúlówó kọ́ ló dáa jù?

Fún ojú, bóyá. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, rárá o.

Ẹ wò ó báyìí. Ojúlówó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti bá ibi kan ṣoṣo mọ́ra. Àwọn tó wà lórí òkè gíga ń fẹ́ ọ̀sán tí kò gbóná jù àti òru tó tutù, nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 15 Celsius. Ẹ gbé irú rẹ̀ lọ sí Èkó, àárín oṣù díẹ̀ á ti kú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń fẹ́ ooru tọ̀sán-tòru. Ẹ gbé wọn sójú fèrèsé ní Manchester nínú oṣù kìíní, ẹ máa rí bí ewé wọn á ṣe ká lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wá mú akọ láti òkè, tí wọ́n mú abo láti ìsàlẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá bí máa ń fara da ooru ju òbí kan lọ, á sì fara da òtútù ju èkejì lọ. Ó tún máa ń yára dàgbà. Àárín gbùngbùn yẹn ló sì jọ ilé ènìyàn.

Iṣẹ́ àtijọ́ sì ni. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn Veitch ní England ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han aráyé lọ́dún 1862. Òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ John Dominy ló da ẹ̀yà méjì, rafflesiana àti gracilis, pọ̀. Láti ìgbà náà, wọn ò dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Nepenthes tí wọn ò bá gé lè gùn tó mítà mélòó kan, á máa wá igi tó máa gùn. Mo mọ ẹnì kan tí tirẹ̀ ti gba kọ́tìnnì pálọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí mo ń sọ nípa rẹ̀ níbí ni àwọn tó kúkurú, tí ewé wọn sún mọ́ra, tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ sínú ike fún ọdún pípẹ́. Òbí méjì ló sábà máa ń fún wọn ní ìwà yẹn. Ọ̀kan ni ventricosa láti orí òkè ní Philippines, tí ìbàdí ìkòkò rẹ̀ fún bí ẹni lo bẹ́líìtì. Èkejì ni ampullaria, tí ìkòkò rẹ̀ dà bí ẹyin tí wọ́n bẹ́ lórí, tó máa ń tò wọ́n sórí ilẹ̀ bí ìyá alámọ̀ ṣe ń to ọjà. Ampullaria yìí tún jẹ́ aláìlẹ́gbẹ́ nínú ìdílé rẹ̀: dípò kó máa lé kòkòrò nìkan, ewé gbígbẹ tó bá já láti orí igi sínú ìkòkò rẹ̀ ló tún fi ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí ọmọrí rẹ̀ fi ṣí sẹ́yìn pátápátá.

Ẹ dárúkọ wọn, ká lè mọ ohun tí a máa béèrè.

'Bloody Mary' ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ventricosa àti ampullaria ló bí i. Ìkòkò rẹ̀ pupa, ó sanra, kò ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ sì lè rí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lórí ẹyọ kan tí kò tíì fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Òun ló wà lójú fèrèsé mi. Ó gba ooru, ó gba òtútù díẹ̀, kì í bínú. Wọ́n tún ń ta ìbátan rẹ̀ kan tó ń jẹ́ 'Lady Luck', òbí méjì kan náà ló bí i.

'Rebecca Soper' tún wà, ọmọ ventricosa àti ẹ̀yà orí òkè kan láti Malaysia. Ó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi máa rò pé wọ́n kùn ún. Ẹni tó wà ní Britain tàbí ní àríwá Amẹ́ríkà máa gbádùn rẹ̀. Ẹni tó wà ní Èkó, ẹ fi í sílẹ̀, ooru òru yín pọ̀ fún un. 'Lady Pauline' náà kúkurú, ètè ìkòkò rẹ̀ sì ní ìlà tó lẹ́wà gan-an.

Èyí tí ẹ máa rí jù lọ́jà ni 'Ventrata'. Kì í ṣe kúkurú, ìtàkùn gidi ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó ṣòro pa tó o, ẹ sì lè máa gé e. Bí owó yín bá ka ẹyọ kan ṣoṣo tó sì jẹ́ òun ni wọ́n ní, ẹ rà á.

Fún Èkó, Ìbàdàn, Cotonou, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ampullaria bá pọ̀ lára rẹ̀ ni kí ẹ máa wá, tàbí ti rafflesiana. Ilé wọn náà gbóná bíi tiyín.

Omi wo ni kí n máa bu fún un?

Omi òjò. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù, ẹ má gbàgbé èyí.

Ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rá ni ewé yìí ti wá. Torí pé kò rí nǹkan jẹ nínú ilẹ̀ ló ṣe ń pa èèrà. Gbòǹgbò rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fara da iyọ̀ àti ẹfun inú omi. Omi ẹ̀rọ London wá kún fún ẹfun. Ẹ wo inú kẹ́tù yín, ẹ máa rí funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ kẹ́tù yẹn ló lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ewé tí mo kọ́kọ́ rà. Ìwé kékeré tí wọ́n fi há a lára nílé ìtajà ní kí n máa fún un lómi "déédéé", wọn ò sọ irú omi wo. Oṣù mẹ́rin ló lò.

Ẹ ra ẹ̀rọ TDS kékeré, kò ju bírò lọ, kò sì wọ́n. Ẹ tì í bọ omi, ó máa sọ iye ohun tó yòrò sínú rẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ 50, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Èmi kì í lo èyí tó bá kọjá 100. Omi ẹ̀rọ ilé mi lé ní 300.

Ní Nàìjíríà, òjò kò wọ́n yín. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku orí páànù lọ kí ẹ tó gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bò ó kí ẹ̀fọn má bàa yé síbẹ̀. Omi kànga àti omi borehole, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lò ó, torí ti àdúgbò kan kò jọ ti òmíràn. Pure water náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń sẹ́ tiwọn yàtọ̀. Omi tó ń kán láti ìdí AC sábà máa ń dáa fún un. Síse omi kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí, iyọ̀ kì í bá èéfín lọ.

Ẹ bù ú láti òkè títí á fi máa jò nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó kù nínú àwo nù. Kí ohun tó wà nínú ike rẹ̀ máa tutù bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Kó má gbẹ, kó má sì jókòó sínú omi.

Ilẹ̀ wo ni mo máa gbìn ín sí?

Ẹ má gbìn ín sí ilẹ̀. Ilẹ̀dú, ìgbẹ́ adìyẹ, kọ́mpọ́ọ̀sì inú àpò, NPK, ikú ni gbogbo wọn. Èkejì tí mo pa, kọ́mpọ́ọ̀sì olówó ńlá ni mo fi ṣe é lóore. Àkẹ́jù ló ń pa ewé yìí, kì í ṣe ìyà.

Sphagnum moss gbígbẹ (ewéko àbàtà tó rọ̀ bíi kànrìnkàn) tí wọ́n rẹ sínú omi, pẹ̀lú perlite díẹ̀ (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́) kó lè máa mí, tó. Níbi tí moss bá ti wọ́n, èèpo àgbọn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ dáa, pàápàá bí ẹ bá fi èédú díẹ̀ sí i. Àmọ́ èèpo àgbọn etí òkun máa ń ní iyọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa da omi rẹ̀ nù, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ti ẹ̀rọ TDS bọ omi ìkẹyìn. Bó bá ṣì ń ka iye gíga, ẹ tún un rẹ. Ike ni kí ẹ lò, tó ní ihò dáadáa nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì tó láti pààrọ̀ ohun inú rẹ̀, kí ẹ sì rọra ṣe é. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó sì máa ń já.

Ṣé inú oòrùn ni tàbí abẹ́ ibòji?

Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, oòrùn díẹ̀. Ní Britain, ojú fèrèsé tó kọ sí gúúsù tàbí ìlà-oòrùn dáa, ẹ jìnnà sí rédíétọ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò ní tó. Gílóòbù LED funfun kan, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí orí ewé, wákàtí 12 lójúmọ́, máa tó o. Ní Nàìjíríà, ẹ fún un ní oòrùn àárọ̀ títí di bí aago mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kó wà lábẹ́ ibòji báńkónì. Oòrùn ọ̀sán ganrínganrín máa ń sun ewé rẹ̀.

Ewé náà fúnra rẹ̀ máa sọ fún yín. Bó bá gba ìmọ́lẹ̀ tó, etí ewé á pọ́n díẹ̀, ìkòkò á pọ́n gan-an. Bí ewé bá dúdú bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tó gùn, tó rọ, ẹ sún un mọ́ fèrèsé.

Ọyẹ́ ń kọ́? Afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ níbí láti oṣù kejìlá.

Ìbéèrè tó dáa jù nínú gbogbo rẹ̀ rèé. Ọyẹ́ ilé àti rédíétọ̀ ìlú òyìnbó, ìṣòro kan náà ni wọ́n jẹ́ fún un: afẹ́fẹ́ tí kò ní ọ̀rinrin. Àwọn àdàpọ̀ tí mo dárúkọ yìí lè fara da ìdá 50 ọ̀rinrin nínú 100. Bó bá dín sí i, ewé ò ní kú, àmọ́ ìkòkò tuntun á gbẹ nígbà tó ṣì wà bí hóró ìrẹsì.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀ tó ní fèrèsé. Tàbí kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo, kí ẹ bu omi sí i, kí ẹ gbé ike náà lé orí òkúta, kí ìdí rẹ̀ má kan omi. Tàbí kí ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó lórí, kí ẹ dá ihò sí i lára. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni èyí tí mo ṣe sí ẹ̀kẹta: mo gbé e sínú ìgò ńlá kan, mo dé e pa, mo gbé e sínú oòrùn, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ó ti jinná.

Kí ni mo máa fún un jẹ?

Bóyá nǹkan kan ò sí rárá. Bí fèrèsé yín bá ń ṣí, tí kantíkantí ń wọlé tọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, á wá oúnjẹ ara rẹ̀. Bí ilé bá dé pa tí kò sí kòkòrò, aràn gbígbẹ tí wọ́n ń ta fún ẹja inú gíláàsì dáa. Ẹ rẹ díẹ̀ sínú omi òjò, kí ẹ fi ẹyọ méjì mẹ́ta sínú ìkòkò kan tàbí méjì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó tán.

Ìyá mi wá kí mi láti Ìbàdàn. Wọ́n wo ewé náà fún ọjọ́ méjì, wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ebi ń pa nǹkan yìí, o ò sì fún un lóńjẹ." Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí. Lọ́jọ́ kẹta mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn kan nínú ilé ìdáná. Ẹja títùs ni wọ́n já sínú ìkòkò tó tóbi jù, tòun ti ọbẹ̀ ata. Omi inú rẹ̀ ti di pupa, epo ti léfòó lórí rẹ̀. Ìkòkò yẹn dúdú láti ìdí dé ètè kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ewé tó kù kò kú, ìyá mi sì ń sọ títí di òní pé ẹja yẹn ló jẹ́ kó lókun.

Ẹ má fi ẹran sí i, ẹ má fi ìrẹsì sí i, ẹ má fi mílíìkì sí i.

Mo rà á lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, gbogbo ìkòkò rẹ̀ ti ń gbẹ. Ṣé ó ti kú?

Kò kú. Ó ṣí ilé ni. Ìkòkò tó bá ti ṣí tẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbìn ín kì í sábà fara da ibi tuntun. Ẹ wo àárín rẹ̀: bí ewé tuntun bá ń yọ níbẹ̀, ó wà láàyè. Ẹ gbé e síbi kan ṣoṣo, kí ẹ má máa gbé e kiri bí ọmọ alákọ̀ọ́bí. Ó lè tó oṣù méjì kí ìkòkò tuntun tó dé, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn náà, ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Á lo oṣù díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ọmọrí wá sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó gé e. Èmi máa ń da èyí tí mo bá gé sórí bébà kí n wo ohun tó jẹ. Lóṣù tó kọjá, orí èèrà ni mo kà, mo dúró níbi 60. Orí nìkan ló kù, ara wọn ti dà.

Ewé ń yọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò.

Ìmọ́lẹ̀ kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ gbẹ jù. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n bi mí, ìmọ́lẹ̀ ló jẹ́ mẹ́jọ. Ẹni tó bá ti da ajílẹ̀ sí ìdí rẹ̀ náà máa rí irú èyí: ó ti yó láti ìsàlẹ̀, kí ló máa lé èèrà fún?

Ṣé ó máa bá mi pa ẹ̀fọn?

Ẹ má sọ nẹ́ẹ̀tì yín nù. Èèrà, eṣinṣin àti kantíkantí ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀fọn kan lè ṣèèṣì kó sí i, aáyán kékeré náà lè kó sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń wá ẹ̀jẹ̀ yín lóru, omi dídùn kọ́ ló ń wá.

Mo ní ọmọ kékeré àti ológbò. Ṣé kò léwu?

Kò ní májèlé. Bí ọmọ bá ti ìka bọ ọ́, ìka á tutù, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ológbò ló léwu fún ewé náà, kì í ṣe òun fún ológbò. Okùn tó ń rọ̀ dirodiro yẹn máa ń wù wọ́n gbá. Bí omi inú ìkòkò bá dà nù, ẹ fi omi òjò rọ́pò rẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìkòkò náà.

Mo rí irúgbìn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pọ̀ gan-an, aláwọ̀ búlúù ló wà lórí àwòrán.

Kò sí ìkòkò aláwọ̀ búlúù. Jìbìtì ni. Irúgbìn Nepenthes máa ń tètè kú, bó bá sì hù, ó máa lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dà bí nǹkan. Ewé tó ti hù ni kí ẹ rà.

Ṣé mo lè gbé e sínú báàgì láti London lọ sí Èkó?

Ẹ má ṣe é báyẹn. Gbogbo Nepenthes ló wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ṣọ̀wọ́n. Méjì nínú wọn, rajah láti orí òkè Kinabalu àti khasiana láti Íńdíà, ló wà ní ipele tó le jù. Ẹ máa nílò ìwé CITES àti ìwé pé ewé náà kò lárùn, ẹ sì gbọ́dọ̀ bá NAQS sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ṣáájú, torí àwọn ló ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń wọlé. Àwọn tó ń tà á síta mọ ìlànà yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Òfin yẹn kì í ṣe àṣejù. Ẹ gbọ́ ti campanulata, ẹ̀yà kékeré kan tó ń dàgbà sára ògiri òkúta ní Borneo. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ pé ó wà, iná igbó sì jó ibẹ̀ lọ́dún 1983. Wọ́n gbà pé ó ti tán láyé. Ọdún 1997 ni Ch'ien Lee, ẹni tó máa ń wá ewéko kiri inú igbó, tó rí i lára òkúta ní Gunung Mulu, ní Borneo kan náà. Bí ẹ̀yà kan bá ku ẹyọ díẹ̀ báyìí, ẹni tó bá gbé àpò gòkè lọ lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn àdàpọ̀ tí mo dárúkọ lókè kì í ṣe ti igbó. Inú ìgò ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ń sọ ẹyọ kan di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀.

Nǹkan funfun bí òwú wà ní kọ̀rọ̀ ewé rẹ̀.

Kòkòrò ni, ó ń fa omi ara rẹ̀. Ẹ ki òwú bọ sípíríìtì, ẹ fi nu wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún padà wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ní òróró dóńgóyárò lè pò ó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kó fọ́n ọn sí i lálẹ́. Kó má fọ́n ọn sínú ìkòkò.

Tèmi yọ òdòdó. Ṣé ó máa so?

Kò ní so lóun nìkan. Akọ dá wà, abo dá wà, bí ìbẹ́pẹ. Méjì tí ẹ bá sì rà ní orúkọ kan náà sábà jẹ́ ara ẹyọ kan ṣoṣo láti inú ìgò, nítorí náà akọ àti akọ ni, tàbí abo àti abo. Òórùn òdòdó náà kì í dáa. Tèmi, mo gé e.

Ó ti ga jù. Ibo ni mo máa gé, kí ni mo sì máa ṣe sí èyí tí mo gé?

Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé igi rẹ̀, kí ẹ fi ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn máa hù láti ẹ̀gbẹ́, ó sábà máa ń yọ orí méjì, á sì tún kúrú bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ gé, ẹ gé ìdajì ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dànù kó má bàa máa mu omi jù, kí ẹ tì í bọ moss tó tutù, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ àmọ́ tí oòrùn kò dé. Ẹ má fà á wò láti mọ̀ bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Tèmi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ewé tuntun yọ lórí rẹ̀, mo gbé e fún ará ilé kejì, mo sì kọ "OMI ÒJÒ NÌKAN" gàdàgbà gàdàgbà sára ike rẹ̀.